Àkọsílẹ̀ Ìwọ̀n Ọlọ́jọ́ Pípẹ́: Láti Orí Yìnyín Òkun Àríwá dé Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

1. Ìfáárà
Bí a bá bi ará Ajégúnlẹ̀ léèrè bóyá omi ń ga ju ti àtijọ́ lọ, ìrántí ni yóò fi dáhùn. Ìrántí dára, ṣùgbọ́n òjò ńlá ọdún kan lè mú kí ènìyàn gbàgbé ti ọdún mẹ́wàá. Àkọsílẹ̀ tí a ń ṣe ní ojú kan náà, láti orí ìpìlẹ̀ ìwọ̀n kan náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó lè yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí a ti ń kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, ohun tí ó lè ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́, àti ìdí tí ó fi kan Àpápá àti Ajégúnlẹ̀.

2. Àpẹẹrẹ láti inú yìnyín
Ní oṣù kẹjọ ọdún 1958, Nautilus, ọkọ̀ abẹ́ omi ti Amẹ́ríkà, gba abẹ́ yìnyín kọjá ní góńgó àríwá ayé. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa rán ìró sókè. Àkókò tí ìró náà fi padà ni a fi ń mọ bí yìnyín ti wọ inú omi tó. Ní 1999, Rothrock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwọ̀n ọdún 1958 sí 1976 wé ti àwọn ọdún 1990. Wọ́n rí i pé ìwọ̀n náà, ní ìparí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti dín kù láti nǹkan bíi mítà 3.1 sí 1.8.

Lẹ́yìn èyí ni sátẹ́láìtì dé: CryoSat-2 ní 2010, ICESat-2 ní 2018. Ìsàlẹ̀ yìnyín kọ́ ni àwọn wọ̀nyí ń wọ̀n, bí kò ṣe apá tí ó yọ sókè omi. Bí apá yìí kò ti ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, àṣìṣe kékeré lórí rẹ̀ a di ńlá nínú ìṣirò. Nítorí náà, a kò lè lẹ àkọsílẹ̀ kan mọ́ èkejì láìkọ́kọ́ mú wọn bára mu.

Ó yẹ kí a kíyè sí i pé yìnyín tí ó ti léfòó lórí omi kì í mú kí òkun ga nígbà tí ó bá yọ́, àfi ní ìwọ̀n tí kò tó nǹkan. Ẹni tí ó fi yìnyín sínú ife omi yóò rí i bẹ́ẹ̀. Yìnyín orí ilẹ̀, bíi ti Greenland àti Antarctica àti ti orí òkè, pẹ̀lú fífẹ̀ tí omi ń fẹ̀ nígbà tí ó bá móoru, ni ó ń mú òkun ga. Láàárín 1901 sí 2018, òkun àgbáyé ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20.

3. Omi ní ẹnu Èkó
Láàárín 1908 sí 1912 ni a kọ́ ògiri òkúta ńláńlá sí ẹnu ọ̀nà òkun Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Ní 1926 ni èbúté omi jíjìn ti Àpápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí olùdarí ọkọ̀ ń béèrè ni bí omi ti jìn tó lónìí. Ohun tí olùwádìí ń béèrè ni bí ìpíndọ́gba omi ti yí padà fún ogójì ọdún. Ọ̀pá ìwọ̀n kan lè dá àwọn méjèèjì lóhùn, bí a kò bá ṣí i nípò láìṣe àkọsílẹ̀.

Takoradi ní Ghánà jẹ́ ẹ̀kọ́. Àkọsílẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1929, ó sì wà lára èyí tí ó pẹ́ jù ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Síbẹ̀, èyí tí a kọ lẹ́yìn àárín àwọn ọdún 1960 ní àbùkù tí ó mú kí àwọn onímọ̀ máa ṣọ́ra fún un.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: kì í ṣe gíga òkun nìkan ni ó ń mú omi sún mọ́ ilé. Ògiri òkúta wọ̀nyẹn dá iyanrìn tí ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ dúró. Iyanrìn ń kó jọ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, òkun sì jẹ etíkun Bar Beach ní ìhà ìlà-oòrùn nígbà kan rí. Bí ilẹ̀ bá sì ń rì, ọ̀pá tí ó dúró lórí rẹ̀ yóò fi hàn bí ẹni pé òkun ni ó ń ga.

4. Ohun tí ó kan Ajégúnlẹ̀
Ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ rẹlẹ̀, àbàtà sì ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí omi òkun bá fà ni gọ́tà ibẹ̀ máa ń rí àyè dànù. Bí òjò bá bá omi òkun ní kíkún, omi yóò dúró sí àdúgbò. Bí ìpíndọ́gba omi bá ga, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́, àkókò tí gọ́tà fi ń ṣàn yóò dín kù.

Lójú ẹni tí omi wọ yàrá rẹ̀, ìbáà jẹ́ òkun ni ó ga tàbí ilẹ̀ ni ó rì, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹni tí yóò wá àtúnṣe, ọ̀tọ̀tọ̀ ni. Bí fífa omi kànga jíjìn bá wà lára ohun tí ń mú ilẹ̀ rì, ìlú fúnra rẹ̀ lè dín in kù. Gíga òkun kò sí lọ́wọ́ ìlú kan ṣoṣo. Ọ̀pá ìwọ̀n omi, pẹ̀lú ohun èlò tí ń wọ̀n rírì ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn.

5. Àgbálọgbábọ̀
Láti 1975 ni Nàìjíríà ti ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀. Ìmọ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ jù ni sùúrù: kí a máa tọ́jú ọ̀pá kan náà, kí a sì máa kọ gbogbo àtúnṣe tí a ṣe sí i sílẹ̀. A lè tún gọ́tà tí ó bàjẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ọdún tí a kò wọn omi rẹ̀ kò ṣe é padà lọ wọ̀n. Bí orúkọ Ajégúnlẹ̀ bá túmọ̀ sí pé ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí ilẹ̀ tí ajé gúnlẹ̀ sí ti ga tó sí omi.