Iná àti Bẹ́líìtì Ọkọ̀ Ìjàpá

Láti 2003 ni wọn kò ti ṣe ọkọ̀ Ìjàpá ti Volkswagen, èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, mọ́. Nítorí náà, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà kí ẹ tó dé Ládípọ̀, l'Ékòó.

Ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Bí ìdérí omi rẹ̀ bá jẹ́ 3, fóòtì 6 ni. Bí ó bá jẹ́ 6, fóòtì 12 ni. Gílóòbù fóòtì 6 yóò jó lójú ẹsẹ̀ lórí fóòtì 12.

Bí iná iwájú bá ń ṣe bàìbàì, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ yọ orí bátìrì, ẹ tú wáyà tí a dè mọ́ irin ara ọkọ̀, ẹ ha ìpẹtà ibẹ̀ dànù, kí ẹ dè é padà. Ìpẹtà kì í jẹ́ kí iná ráyè kọjá. Ẹni tó fẹ́ ta gílóòbù kò ní sọ èyí fún yín.

Ti bẹ́líìtì le jù. Ẹ má ra èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá. Okùn rẹ̀ lè ti bàjẹ́ kí ojú má rí i. Ihò tí ilé iṣẹ́ ti lu sílẹ̀ ni kí ẹ dè é mọ́. Bóòtù inú páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò fà jáde lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ. Bí ibẹ̀ bá ti dípẹtà, kí wẹ́dà kọ́kọ́ jó irin tó nípọn mọ́ ọn.