Adájọ́ Tó Ń Gbowó Ilé Ọtí

Ní Ogbómọ̀ṣọ́, ní Takie àti ní Under-G tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH pọ̀ sí, àti ní Owódé nílùú Ọ̀yọ́, ṣọ́ọ̀bù ni ẹni tó fẹ́ ta ọtí máa ń kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà fíríìjì, lẹ́yìn náà àga oníke. Ìwé àṣẹ ló máa ń kẹ́yìn. Ọjọ́ tí àwọn agbowó kánsù bá yà síbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀. Nígbà náà, ilé ọtí ti ní oníbàárà, àwọn aládùúgbò sì ti ní ẹjọ́ lẹ́nu.

Ta ló yẹ kó dá ẹjọ́ náà? Òfin ò fi í pamọ́. Àfikún Kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 ka àṣẹ ọtí títà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú itẹ́ òkú, ilé ìpẹran àti ọmọlanke. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, lè sọ ohun tó yẹ kó wà nínú ìgò. Ibi tí wọn ó ti ṣí ìgò náà tà, ti kánsù ni. Àmọ́ òfin owó-orí 1998 tún da owó ìwé àṣẹ ọtí sápò kánsù kan náà, ìbáà jẹ́ ti ibi tí wọ́n ti ń jókòó mu, ìbáà jẹ́ ti ibi tí wọ́n ti ń rà á lọ sílé. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí kánsù bá ní òun ò fún ẹnìkan níwèé, kò rí kọ́bọ̀. Bó bá fún un, owó á wọlé. A ò tíì dárúkọ rìbá o. Adájọ́ tó mọ̀ pé “bẹ́ẹ̀ni” ló ń pa owó wọlé fún òun kò dúró de ẹ̀gúnjẹ kó tó mọ ibi tí yóò tẹ̀ sí.

Ibi tí àríyànjiyàn ti dùn jù ni irú ẹ̀sùn tó yẹ kí adájọ́ gbọ́. Ogbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìlú tí ènìyàn lè ta ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kó má gbọ́ nǹkan kan. Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ti débẹ̀ ní 1855, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn pásítọ̀ wọn sì ti wà láti 1898. Nínú májẹ̀mú tí ọ̀pọ̀ ìjọ wọn ń kà, ọmọ ìjọ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní mu ọtí, òun ò sì ní tà á. Mùsùlùmí aládùúgbò ò yàtọ̀ lórí èyí. Nítorí náà, ìwé ẹ̀sùn sábà máa ń wọ aṣọ ẹ̀sìn: ilé ọtí ò yẹ ládùúgbò ọmọlúàbí. Bẹ́ẹ̀, ládùúgbò ọmọlúàbí náà, ọtí wà nínú ẹrù ìdána, ṣìnáàpù wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ kí ọba, ẹlẹ́mu sì ń bẹ lábẹ́ igi. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kánsù fẹ́ dá lẹ́jọ́, ó yẹ kó ti orí ẹrù ìdána bẹ̀rẹ̀.

Kano kò bẹ̀rù ìyẹn: òfin Ṣàríà ibẹ̀ ka ọtí léèwọ̀, Hisbah, àwọn ọlọ́pàá Ṣàríà, sì ti fi katakata tẹ ìgò bíà mọ́lẹ̀ rí. Ìlú òyìnbó gba ọ̀nà mìíràn. Ohun mẹ́rin péré ni òfin 2003 ti England àti Wales gbà kí alátakò tẹ̀ mọ́: ìwà ọ̀daràn àti rúkèrúdò, ààbò ará ìlú, ìyọlẹ́nu, àti ààbò àwọn ọmọdé. Pásítọ̀ Yorùbá ní Peckham, ní London, tó bá ní ọtí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ti pàdánù kó tó jókòó. Tó bá ní ariwo ò jẹ́ kóun sùn, àwọn kánsílọ̀ mẹ́ta tó ń gbẹ́jọ́ yóò fetí sí i. Ọjọ́ 28 ló ní láti kọ̀wé, ẹni tí ìdájọ́ ò bá sì tẹ́ lọ́rùn lè gba kóòtù májísíréètì lọ. Ìlera ò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Scotland ló fi í kún tirẹ̀ nínú òfin 2005. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ń fi owó oúnjẹ mutí ò ní ohun púpọ̀ láti sọ ní Peckham.

Ohun tó ṣeé mú nínú ètò àwọn òyìnbó ni pé ààyè wà láàárín bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́: aago tí wọn ó máa tilẹ̀kùn, ìwọ̀n ohùn orin, ẹni tí yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ilé baálẹ̀ ti ń ṣe irú ẹ̀ tipẹ́. Bí ẹgbẹ́ onílé bá gbé ẹjọ́ débẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kì í pẹ́ tán. Èyí tó kù ni sípíkà tó dojú kọ yàrá ìyálọ́mọ, ọ̀kadà tó dí ojú ọ̀nà, ìtọ̀ tó ń ṣàn sí gọ́tà. Ìyá ọlọ́tí á ní ibẹ̀ lòun fi ń rán ọmọ lọ sílé-ìwé, á sì fi kún un pé ẹni tó ń sáré kọ̀wé ẹ̀sùn jù ní ilé ọtí tirẹ̀ lókè ọ̀hún. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Baálẹ̀ á pàrọwà, wọ́n á ní kó yí sípíkà padà, kó sì máa tilẹ̀kùn ní aago mẹ́wàá.

Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí onílé bá kú, tàbí tí ṣọ́ọ̀bù bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, àdéhùn ti tú nìyẹn. Aládùúgbò tó bá gba kánsù lọ á gbọ́ pé ọlọ́tí ti sanwó ọdún yìí. Ọ̀rọ̀ aago mẹ́wàá ò sí nínú fáìlì, nítorí kò sẹ́ni tó bi ilé baálẹ̀ léèrè kí wọ́n tó já ìwé fún un.