Òótọ́ àbí irọ́? Ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn onílẹ̀ Kánádà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ti fi Winnipeg, Calgary àti Brampton ṣe ilé báyìí. Kò ní pẹ́ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò fi gbọ́ ọ pé kò sí ẹni tí ìjọba ń kẹ́ tó àwọn onílẹ̀, ìyẹn First Nations, Inuit àti Métis, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

"Wọn kì í san owó orí."

Irọ́ ni. Inuit ń san, Métis náà ń san. Àwọn First Nations tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìjọba lábẹ́ òfin ọdún 1876 tí wọ́n ń pè ní Indian Act nìkan ni òfin dá sí, èyí tó sì pọ̀ jù níbẹ̀ ni owó tí wọ́n bá rí lórí ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn. Èyí tó bá lọ ṣiṣẹ́ ní Toronto ń san bí gbogbo ènìyàn ṣe ń san.

"Owó ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń pín fún wọn."

Irọ́ gbáà! Ní 1850, ní Sault Ste. Marie, àwọn olóyè Anishinaabe tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú William Robinson, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ rẹpẹtẹ tó wà lápá àríwá adágún Huron ni wọ́n yọ̀ǹda. Ìjọba ṣèlérí pé àwọn yóò máa san owó fún wọn lọ́dọọdún, àti pé bí ilẹ̀ náà bá ń mówó wọlé, owó náà yóò máa lé sí i. Nígbà tó di 1875, ó di dọ́là 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, wọ́n wa kùsà níbẹ̀, wọ́n gé gẹdú, wọ́n kọ́ ìlú sórí rẹ̀, dọ́là 4 kò sì yí padà. Bàbá gbà á, ọmọ gbà á, ọmọ-ọmọ gbà á. Ìgbà tó sú wọn, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ Ontario gbà láti san bílíọ̀nù 10 dọ́là fún èyí tó ti kọjá. Ní July 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà dá a pé ìjọba da àdéhùn náà. Gbèsè ni wọ́n ń san, kì í ṣe àánú.

"Ìtàn àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ ilé ìwé tí wọ́n kó ọmọ wọn lọ."

Irọ́. Ó lé ní 150,000 ọmọ tí wọ́n kó kúrò lọ́dọ̀ òbí lọ sí ilé ìwé tí ìjọba ń náwó sí, tí ṣọ́ọ̀ṣì sì ń darí. Wọ́n ń nà wọ́n bí wọ́n bá sọ èdè ìyá wọn. Nínú àwọn tó kú síbẹ̀, orúkọ tó ti wà lákọsílẹ̀ lé ní 4,000. Ní 1973, ìyá àgbà ra ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn fún Phyllis Webstad, ọmọ ọdún mẹ́fà, kó lè wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ìwé. Lọ́jọ́ tó débẹ̀ gan-an ni wọ́n bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀, kò sì rí i gbà padà mọ́. Ó ṣì wà láyé. Nítorí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ni àwọn ènìyàn ṣe ń wọ àwọ̀ ọsàn ní September 30.

"Ìjọba ti tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ ti parí."

Ìdajì rẹ̀ lòótọ́. Olórí ìjọba nígbà náà, Stephen Harper, tọrọ àforíjì nítorí àwọn ilé ìwé náà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní June 2008. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ àwọn ilé ìwé náà, tí Adájọ́ Murray Sinclair, òun fúnra rẹ̀ ọmọ Anishinaabe, ṣe alága rẹ̀ sì ka nǹkan 94 kalẹ̀ ní 2015 pé kí wọ́n ṣe. Àmọ́ ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn dá ìjọba lẹ́bi pé owó tó ń ná lórí ìtọ́jú ọmọ First Nations kò tó, ojúsàájú sì ni.

"Winnipeg ń mu omi wọn, àwọn kò rí èyí tó mọ́ mu."

Òótọ́ ni, fún ọdún tó lé ní ogún. Láti 1919 ni omi adágún Shoal Lake ti ń gba inú páìpù lọ sí Winnipeg. Nítorí iṣẹ́ náà, wọ́n ṣí àwọn First Nation tí wọ́n ń pè ní Shoal Lake 40 nípò, ipadò tí wọ́n gbẹ́ sì sọ ibi tí wọ́n kó wọn sí di erékùṣù. Láti 1997, ìjọba ní kí wọ́n máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Omi inú ike ni wọ́n ń gbé gba orí omi, tàbí orí yìnyín nígbà òtútù. Ọ̀nà ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn ní 2019, ilé iṣẹ́ omi sì bẹ̀rẹ̀ ní September 2021. Ìlérí ìjọba ni pé kó tó di March ọdún náà, irú ìyà omi yìí yóò ti tán ní gbogbo ilẹ̀ First Nations. Kò tán.

Láti June 2021, ìbúra tí ẹni tó fẹ́ di ọmọ Kánádà ń ṣe ti dárúkọ ẹ̀tọ́ àwọn First Nations, Inuit àti Métis àti àdéhùn tí wọ́n bá wọn ṣe. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ti búra, àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wọn purọ́ mọ́ ẹni tí ẹ fẹnu ara yín búra pé ẹ ó bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ rẹ̀.