ORÍ FÍFỌ́ KÌ Í ṢE Ọ̀KAN ṢOṢO

Obìnrin kan wà ní kíláàsì alẹ́ wa ní Tanke, ní Ìlọrin. Ó fẹ́ràn ìwé púpọ̀. Nígbà tí ó yá, a kò rí i mọ́. Mo lọ bá a nílé.

Ó ní, "Bàbá tíṣà, ẹ má bínú. Bí mo bá ti ṣí ìwé báyìí, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Orí mi kò gba ìwé."

Mo ní kí ó mú ìwé wá. Ó nà án jìnnà sí ojú kí ó tó rí i kà. Mo ní, "Ìyá, ojú yín ni, kì í ṣe orí." Bí ènìyàn bá ti lé ní 40 ọdún, ohun tí ó wà nítòsí kì í sábà hàn sí i dáadáa mọ́. Wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, ó gba awò ojú, ó sì padà sí kíláàsì.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan bà mí lẹ́rù lọ́jọ́ náà. Páálí òògùn méjì wà lórí tábìlì rẹ̀. Orúkọ wọn yàtọ̀ síra. Ìyá ń lo méjèèjì pọ̀. Mo ka ara páálí: òògùn kan náà ni méjèèjì! Ìlọ́po méjì ni ó ń gbé mì, kò sì mọ̀.

Nítorí náà, kí a tó lo òògùn, ẹ jẹ́ kí á mọ irú orí fífọ́ tí ó jẹ́.

1. Èyí tí ó ń fún orí yíká, bí ẹni pé a fi ọ̀já dì í. Iṣẹ́ àṣejù, ìrònú tàbí àìsùn ni ó sábà máa ń fà á. Ẹ sinmi.

2. Túúlu. Ó sábà máa ń mú apá kan orí, á máa lù kì-kì-kì. Èébì lè máa gbé ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo á máa ni í lára. Ó lè gba wákàtí 4 títí dé ọjọ́ 3. Ẹ dùbúlẹ̀ sí yàrá tí ó ṣókùnkùn. Bí ó bá ń wá lemọ́lemọ́, ẹ lọ rí dókítà.

3. Ti ibà. Ara á gbóná, òtútù á máa mú ni. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ lo òògùn tí wọ́n bá fún yín tán, bí ara tilẹ̀ ti yá.

4. Ti òùngbẹ. Ẹ mu omi. Ẹni tí ó ń gba ààwẹ̀, kí ó mu omi dáadáa ní àsìkò sààrì.

5. Ti jẹnẹrétọ̀. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nítòsí, ẹ jáde síta kíá. Gáàsì olóró tí ń tara rẹ̀ jáde kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Òun kì í sábà fọ́ni lórí. Ẹ má dúró de orí fífọ́ kí ẹ tó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín.

ÀWỌN TÍ Ó GBỌ́DỌ̀ LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN KÍÁKÍÁ

Ẹni tí orí fífọ́ rẹ̀ dé lójijì bí ààrá.
Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan rọ tàbí tí ẹnu rẹ̀ yí.
Aláboyún tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú.
Ẹni tí ó forí gbá nǹkan, tí ó ń bì tàbí tí oorun ń kùn.
Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná tí ọrùn rẹ̀ sì le. Èyí lè jẹ́ yínrùnyínrùn. Ní ọdún 1996, àrùn yìí pa ènìyàn tí ó ju 11,000 lọ ní Nàìjíríà.

Ẹ KA PÁÁLÍ

Ẹ wá ọ̀rọ̀ yìí: PARACETAMOL. Fún àgbàlagbà, hóró 1 tàbí 2 tí ó jẹ́ 500 mg ni lẹ́ẹ̀kan. Kí ó tó wákàtí 4, ó kéré tán, kí ẹ tó lo òmíràn. Kò gbọdọ̀ ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́.

Ẹ wá èyí náà: ASPIRIN. Ó wà nínú ẹ̀bù Alábùkún, tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta ní 1918. Kì í ṣe ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, kì í sì í ṣe ti ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú. Kí aláboyún má lò ó láìjẹ́ pé dókítà ní kí ó lò ó.

Ẹ má sì sọ òògùn di oúnjẹ. Bí a bá ń lò ó ju ọjọ́ 2 lọ lọ́sẹ̀, òògùn náà lè máa fọ́ni lórí.

Ìyá wa ti ń ka páálí fúnra rẹ̀ báyìí. Àwọn aládùúgbò pàápàá ń gbé tiwọn wá fún un kà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ mú páálí òògùn kan nílé yín. Kí ni ẹ rí kà lára rẹ̀?