Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iléṣà Di Yunifásítì

Ní ọdún 2022 ni Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá fọwọ́ sí òfin tí ó sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni ti Ìjọba Ọ̀ṣun ní Iléṣà di yunifásítì. Orúkọ ńlá a máa dùn lẹ́nu, inú tèmi náà sì dùn. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Àjọ NUC, tí ń bójú tó àwọn yunifásítì, ni í yẹ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó lè fi gba dìgírì. Kí ẹ tó kó èésú sanwó ọmọ, ẹ béèrè: ṣé ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kà ti gba àṣẹ? Bí ó bá jẹ́ NCE ọlọ́dún mẹ́ta ni ó wù ú, kí ó lè tètè máa kọ́ni, òfin yẹn kò kan kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìlá-Ọ̀ràngún.