Líle àti Yíyi nínú Ìbora Ojú Irin

Nínú èdè Yorùbá, ohun tí ó le yàtọ̀ sí ohun tí ó yi. Ìkòkò amọ̀ le, ṣùgbọ́n bí ó bá já bọ́, yóò fọ́. Awọ màlúù kò le tó o, síbẹ̀ ó yi. Èyí ni n kò fi fara mọ́ ọn kí a máa pe méjèèjì ní 'agbára' nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, pàápàá níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan irin tí ń fi ara gbo irin.

Tungsten carbide le púpọ̀, ṣùgbọ́n kò yi. Bí a bá fi òun nìkan bo irin, kò ní pẹ́ sán. Èérún tí ó bá bọ́ lára rẹ̀ yóò sì di yanrìn tí yóò máa ha irin náà jẹ. Ní ọdún 1923, ní Jámánì, Karl Schröter po lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ mọ́ cobalt, irin tí ó rọ̀ jù ú lọ, fún ṣíṣe irinṣẹ́. Cobalt a di àwọn hóró náà mú. Bí ó bá fẹ́ sán, ara rírọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ó sán jìnnà.

Lónìí, ọwọ́ iná tí ń yára ju ìró ohùn lọ ni a fi ń fẹ́ àdàlù yìí mọ́ ojú irin, títí kan ẹsẹ̀ tí bàálù fi ń balẹ̀. Cobalt inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdá 12 tàbí 17 nínú 100. Bí ó bá ti ń pọ̀ sí i ni ìbora ń yi sí i, tí líle rẹ̀ sì ń dín kù. Iná àpọ̀jù a máa lé carbon kúrò, ohun tí ó bá ṣẹ́ kù a sì tètè sán. Bí irin ìsàlẹ̀ bá sì rọ̀ jù, ìbora a fọ́ lórí rẹ̀ bí èèpo ẹyin.