Tún Un Ṣe: Ìtumọ̀ àti Orírun Ọ̀rọ̀ Kan

Ọ̀rọ̀ tí kò wọ́n lẹ́nu wa ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí: túnṣe. Bí aṣọ bá ya, a óò lẹ̀ ẹ́. Bí igbá bá sán, a óò rán an. Bí òrùlé bá ń jò, a óò dí i. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n túnṣe ni ó kó gbogbo wọn pọ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni túnṣe, irú èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé yẹ̀ wò nínú gírámà tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1966. Àárín tún àti ṣe ni àbọ̀ rẹ̀ máa ń wà: Òjó tún àga ṣe. Nítorí pé tún ń tọ́ka sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, a lè rò pé túnṣe kò ju kí a ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kejì lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn méjì wéra:

Òjó tún kọ́ ilé.
Òjó tún ilé kọ́.

Nínú ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ kíkọ́ ni ó di méjì. Ilé náà lè jẹ́ òmíràn. Nínú ti èkejì, ilé tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni Òjó padà sí. Níbẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ túnṣe ti ṣẹ̀: nǹkan náà fúnra rẹ̀ ni a padà sí.

Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, ìtumọ̀ yìí kò yẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní ọdún 2010, òfin kan náà ni wọ́n padà sí. Wọn kò ṣe òmíràn.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ onígírámà nìkan. Ẹ ro ti ògbufọ̀ ní ilé ẹjọ́. Ọkùnrin kan ba ògiri aládùúgbò rẹ̀ jẹ́. Bí ẹlẹ́rìí bá ní, “Ó tún ṣe é,” ẹ̀ṣẹ̀ ti di méjì. Bí ó bá ní, “Ó tún un ṣe,” ọkùnrin náà ti ṣe ẹ̀tọ́. Ipò arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo ni ó ya ọ̀daràn kúrò lára ẹni tí ó ronú pìwà dà.

Nítorí náà, mo rọ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè àti ẹ̀yin olùkọ́: ẹ má kàn kọ túnṣe sílẹ̀ lásán, ẹ fi àyè àbọ̀ rẹ̀ hàn.